Kásẹ́ẹ̀tì Àǹtí Wúrà àti Ohun Tí Màmá Rẹ Sọ Lójú Ọ̀nà

Alief, Houston.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́.

Títílayọ̀ ọmọ mi, Àdùkẹ́ ọmọ Mojí,

Mi ò ní kọ ọ́ pé mo lérò pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ. Tó bá tilẹ̀ bá ọ ní àlàáfíà, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wá ibi kan jókòó sí. Tí Kúnlé ọkọ rẹ bá wà nílé, sọ fún un pé kó má pè ọ́ títí o ó fi kà á tán, nítorí mo mọ ọmọ yẹn, kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má béèrè ibi tí ṣúgà wà.

O rántí ohun tí o sọ lánàá nígbà tí ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí màmá rẹ kò sí, tí ìyá Kúnlé náà sì ti lọ, ta ni yóò wá bá yín wẹ ọmọ ní California lóṣù kẹwàá? Mo ní ṣé kí n kọ̀wé sí Àǹtí Wúrà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní Ìkìrun, kí wọ́n wá. O gbé ṣíbí sílẹ̀. O ní, “Dádì, I'm serious o. Àjẹ́ yẹn ò ní fọwọ́ kan ọmọ mi. Ó pa Mọ́mì, kò ní pa èmi náà.” Kúnlé tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Èmi dìde, mo ní mò ń lọ bu ọbẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ kún abọ́ mi, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Mo dúró ní kíṣìnnì, mo ń ro ọbẹ̀ tó ti jinná láti àárọ̀.

Àǹtí Wúrà kọ́ ló pa màmá rẹ. Mo mọ ohun tó pa á. Ó di ọdún méje tí mo ti mọ̀, mo sì jẹ́ kí o máa bú ẹni tó kìlọ̀ fún mi. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ìyókù jẹ́ ìmọ̀ràn, mo sì mọ̀ pé ojú ẹni tó bá ń gbani nímọ̀ràn lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yìí le. Fara dà á fún mi. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ìwọ àti Kúnlé máa wakọ̀ lọ sí California, o máa lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà tìrẹ, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú rẹ. Èmi náà ti wakọ̀ gba ìwọ̀ oòrùn lọ rí láti lọ ṣe dókítà. Má lọ kí o tó gbọ́ bó ṣe rí.

Ìkíní: má ṣe jẹ́ kí ibi tí ò ń lọ tóbi lójú rẹ ju ẹni tó jókòó tì ọ́ lọ.

Nígbà tí o wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo ti ṣe dókítà ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ní Baltimore fún ọdún mọ́kànlá. Ọmọkùnrin tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìró ọkàn ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá mi. Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìbínú yẹn ló wa ọkọ̀ dé Houston. Lákòókò náà, epo rọ̀bì ń mówó wọlé ní Texas, gbogbo ayé ń ya lọ síbẹ̀. Tí ọmọ Nàìjíríà méjì bá pàdé ní ilé ìtajà, tí wọ́n bá ti ní “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” tán, Houston ló kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà pè mí lórí fóònù, ó ní, “Délé, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Wá o! Owó wà nílẹ̀ níbí. Àwọn tó ń wa epo ò sinmi, ara ń ro gbogbo wọn, wọn ò rí dókítà.” Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni, ibi tí epo bá ti ń ṣàn, ara á máa ro ènìyàn. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gbà mí. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan báyìí. Mo lọ ra bàtà kaboi kí n tó ra máàpù. Bàtà náà há mi lẹ́sẹ̀ láti Virginia.

Ìwọ dúró sí Baltimore nítorí ilé ìwé. Màmá rẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹrù, kò bá mi jiyàn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, “Ṣé wọn ò lè fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Bàbá Títí?” Mo ní wọn kò ní gbà. Mi ò bi wọ́n o. Lẹ́yìn ọdún kan, mo pàdé dókítà míì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn mi níbẹ̀, ó ní òun tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kò burú. Mo jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì sì wálẹ̀, wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa, wọ́n kó àga lọ. Ibi tí mo torí rẹ̀ sáré nìyẹn.

Nítorí náà, tọrọ àyè, Àdùkẹ́. Ìtọrọ kò já ẹni kulẹ̀ tó bí ìrònú pé wọn kò ní gbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ ni.

Ìkejì: ẹni tó bá kìlọ̀ fún ọ, gbọ́ ọ tán.

Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sílé nígbà náà, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ á bá wa mú un dání? Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó gbéra tí màmá rẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún Àǹtí Wúrà. Mi ò sí níbẹ̀. Obìnrin méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Àǹtí Wúrà, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe é fún ìjọba, wọ́n sì ń gbẹ̀bí nílé lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò wọn ló kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ wọn kó tó bọ́ sí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti ilé dé ló mú èsì wọn wá ní ọjọ́ tó ku ọ̀la ká gbéra. Mo jù ú sínú ọkọ̀. Ní Virginia, nígbà tí rédíò kò dún mọ́, màmá rẹ ní ká gbọ́ ohùn Àǹtí.

Wọ́n kí wa, wọ́n kí ìwọ náà, wọ́n sọ nípa òrùlé tí afẹ́fẹ́ ṣí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní: “Mojí, mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà mẹ́ta lo sọ pé ó ń rẹ̀ ọ́. O ní òórùn ẹran díndín ń lé ọ jáde ní kíṣìnnì. O ní inú ń run ọ́ lápá ọ̀tún nìkan. O ò sọ fún mi, n ò sì ní bi ọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé o ti fẹ́ra kù. Délé, ìwọ ni mò ń bá wí báyìí. Dókítà ni ọ́, mi ò bá ọ du ìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra kù, tí inú ń run lápá kan, a kì í gbé e rìnrìn àjò. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná.”

Títí, ọdún méjìdínlógún ni a ti ń retí àbúrò rẹ. Mo wo màmá rẹ. Mo ní, “Ṣé òótọ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí fèrèsé, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná, Bàbá Títí.” O mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa kì í polongo oyún tí kò tíì yọ, ká má tíì wá sọ èyí tí a ti gbààwẹ̀ lé lórí. Ó fẹ́ dé ilé tuntun kó tó sọ fún mi. Inú mi dùn, mo tẹ hóònù lórí freeway bí ọmọdé. Mo bi í bóyá inú ṣì ń run ún. Ó ní ó ti rọlẹ̀. Tó bá jẹ́ aláìsàn mìíràn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mi ò ní gbà; màá ní kó dùbúlẹ̀ kí n tẹ ikùn rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ “mi ò bá ọ du ìyẹn” ló dùn mí. Èmi tí mo kàwé títí tí irun iwájú orí mi fi re, ẹni tó ń gbẹ̀bí ní Ìkìrun fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Àǹtí Wúrà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, mo pa á. Mo ní mo máa mú màmá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo aboyún ní Houston lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tilẹ̀ dárúkọ aago.

Ìwọ náà ti di dókítà báyìí. Nọ́ọ̀sì máa kìlọ̀ fún ọ, ẹni tó ń gbálẹ̀ máa kìlọ̀ fún ọ, ìyá àgbà aláìsàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa fa ọ́ láṣọ. Àwọn míì á sọ ọ́ bíi pé wọ́n ń bú ọ. Gbọ́ ọ tán kí o tó bínú.

Ìkẹta ló le jù fún mi láti kọ. Mo ti fa ìwé mẹ́ta ya.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ní mòtẹ́ẹ̀lì kan ní Chattanooga, màmá rẹ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà, ó ní, “Ó rẹ̀ mí.” Mo ní, “Pẹ̀lẹ́. Gbogbo wa ló rẹ̀. Sùn.” Lọ́jọ́ kejì, ní Alabama, ó tún ní, “Ó rẹ̀ mí, Bàbá Títí. Èjìká ń ro mí.” Mo ní ìjókòó ọkọ̀ ni, mo ká aṣọ fún un pé kó fi tì í lẹ́yìn. Ní Mississippi, ó ní, “Ó rẹ̀ mí o.” Mo gbọ́ “o” yẹn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Mo ní, “We're almost there.”

Ní ilé wa, tí ẹnì kan bá ní ó rẹ òun, ohun tí ẹni tó gbọ́ máa sọ ni “Kí ló ń ṣe ọ́?” Àárẹ̀ ni àìsàn lẹ́nu wa. Tí wọ́n bá ní ó rẹ bàbá lágbájá, kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀; wọ́n á lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Àǹtí Wúrà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mọ̀ pé ara Mojí kò yá. Èmi tí mo jókòó tì í gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nínú orí mi, pé iṣẹ́ ẹrù dídì ló tán an lókun. Etí mi ti di etí òyìnbó. Oorun ni mo fi ṣe oògùn fún ìtumọ̀ tèmi, mi ò wo obìnrin tó sọ̀rọ̀.

Ní ti èjìká, ìwọ náà ti kà á. O mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aboyún tí inú ń run bá ní èjìká ń ro òun. Oyún náà kò dúró sínú ilé ọmọ. Ojú ọ̀nà tó wọ ilé ọmọ ló jókòó sí, ó ti ń ya, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà sínú ikùn rẹ̀. Wọ́n kọ́ mi. Mo yege nínú ìdánwò rẹ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá sọ pé ìjókòó ọkọ̀ ni, màá lé e jáde.

A dúró ra epo ní Louisiana. Màmá rẹ lọ sí ilé ìtọ̀ tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Mo ra yìnyín àti ohun mímu, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń dúró. Ó pẹ́. Mo tẹ hóònù. Títí, mo tẹ hóònù fún màmá rẹ, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí mo lọ kan ilẹ̀kùn, ó ti wà nílẹ̀.

Dókítà tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo gbé e lọ kéré sí mi gan-an. Ó bi mí pé ìgbà wo ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò ṣàìsàn, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ṣí ìpéǹpéjú màmá rẹ, inú rẹ̀ funfun bí owú, ó wò mí, wọ́n sì sáré gbé e wọlé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ọjọ́ kan ṣáájú ni ì bá ti débẹ̀. Ó kú lórí tábìlì. Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ọkàn rẹ̀ ló ṣàdédé dúró. Ọkàn ta ni kì í dúró?

A ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Màmá rẹ kò dákẹ́. Nítorí náà, tí Kúnlé bá ní ó rẹ òun, ẹ dúró. Tí ó bá rẹ ìwọ, sọ ọ́, tún un sọ, tí kò bá gbọ́, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí o dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí ojú á fi ti í. Tí aláìsàn rẹ bá sì sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tó kàn àyàfi kí o dìde.

Mo fẹ́ sinmi díẹ̀, kí n kọ èyí tí kò ní ìtàn lẹ́yìn. Ẹ má wakọ̀ ju wákàtí méjì lọ láìjẹ́ pé o sọ̀ kalẹ̀ rìn; o mọ ohun tí ìjókòó pípẹ́ ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹsẹ̀ aboyún. Ẹ gbé omi dání, nítorí tí ẹ bá ti kọjá San Antonio, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ilé epo sì jìnnà síra. Kó ìwé tí dókítà rẹ kọ sínú báàgì ọwọ́, má kó o sínú ẹrù tó wà nísàlẹ̀. Má jẹ́ kí Kúnlé wakọ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́ ní rédíò. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n mo ti jókòó lẹ́yìn rẹ̀ rí.

Èyí tó kàn, mi ò fẹ́ fún un ní nọ́ńbà.

Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá bá wa kẹ́dùn. Apartment wa ní Gulfton, àpótí tí mi ò tíì tú, àwọn ará ìjọ tí mi ò mọ orúkọ ìdajì wọn jókòó sílẹ̀ yíká. Orí rẹ wà lórí itan obìnrin kan. Ẹnì kan ti kó àwọn ohun tó wà nínú ọkọ̀ wọlé, Màmá Ìjọ sì rí kásẹ́ẹ̀tì tí a kọ orúkọ Àǹtí Wúrà sí lára. Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹbí, bóyá á tu bàbá nínú.” Wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti pa á ní Virginia. O gbọ́ ohun tó sọ: “Ẹ má lọ. Mo tún un sọ, ẹ má lọ. Tí ẹ bá fi agídí lọ, gbogbo yín kọ́ lẹ máa dé ibẹ̀.”

Gbogbo ilé pariwo “Jésù!” Màmá Ìjọ di orí mú, wọ́n ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí; ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Kò sẹ́ni tó ní ká dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. O gbé orí sókè, ojú rẹ ti wú, o ní, “Dádì, ṣé Àǹtí Wúrà ló pa Mọ́mì?”

Mo ní, “Ọlọ́run ló mọ̀.”

Ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run. O mọ ohun tó túmọ̀ sí lẹ́nu wa: ó túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo rí i tó wọ inú rẹ lọ. Mo rí i pé ojú rẹ kúrò lára mi, ó lọ sí Ìkìrun, ara sì tù mí. Kò sí ohun tí mo ṣe láyé mi tó burú tó ìtura yẹn. Tí mo bá sọ òtítọ́ nígbà náà, ìwọ nìkan ló kù fún mi, mo sì rò pé màá pàdánù ìwọ náà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ra tèmi.

Ọ̀rọ̀ náà ṣáájú lẹ́tà dé ilé. Àwọn aboyún kò lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Wúrà mọ́. Àwọn tí wọ́n gbẹ̀bí wọn, tí àwọn náà ti ń bímọ, ń fa ọwọ́ ọmọ wọn kọjá sí òdì kejì títì. Àǹtí Wúrà ti ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí pa. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n kọ̀wé sí mi, ojú ewé kan péré, mo ti há a sórí: “Bámidélé, wọ́n ní èmi ni mo pa Mojí. Mi ò bá wọn jà. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ bi ní ìbéèrè kan. Ṣé o gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀?”

Mi ò dáhùn. Ọdún méje, Títí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn ti ń ṣú, wọ́n kò sì bi mí mọ́.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé aláìsàn máa kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Kò sí dókítà tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà míì, ẹ̀bi rẹ ni yóò jẹ́. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan máa wà nítòsí tí ẹ̀bi rọrùn láti dì lé lórí, nọ́ọ̀sì kan, ẹbí aláìsàn, Èṣù, Ọlọ́run pàápàá. Ẹnu rẹ máa yá. Bu omi mu, kí o sì sọ pé, “Èmi ni.” Á dùn ọ́ dé egungun, ṣùgbọ́n á tán lọ́jọ́ kan. Tèmi kò tíì tán. Mo ti fẹ́ràn rẹ láti ẹ̀yìn irọ́ fún ọdún méje, ojoojúmọ́ tí o bá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé, “Bàbá mi ló jẹ́ kí n ṣe dókítà,” mo máa ń fẹ́ sá kúrò níbẹ̀.

Mo ti dáhùn ìbéèrè Àǹtí Wúrà lánàá lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ni ìdáhùn náà, mo sì fi àwọn tó kù tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stafford, tí wọ́n bá ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, èmi náà máa bọ́ síwájú. Màmá Ìjọ á wà níbẹ̀, ìdajì àwọn tó jókòó ní Gulfton lọ́jọ́ náà á wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa pàtẹ́wọ́.

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú àpòòwé yìí. Gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Kúnlé náà gbọ́. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì ti gbé e rù. Má pè mí lónìí. Ẹlòmíràn ni kí o kọ́kọ́ pè.

Ẹni tó ni ilé ìtajà oògùn tó kọjú sí ilé Àǹtí Wúrà ní fóònù, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Àárọ̀ wa ni ọ̀sán wọn, pè wọ́n nígbà náà. Á ní kí o dúró kí òun lọ pè wọ́n, á sì pẹ́, nítorí wọ́n ń fi ọwọ́ tá ògiri rìn ni. Má gbé fóònù sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e, sọ̀rọ̀ sókè, má fi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Tí wọ́n bá béèrè pé ta nìyẹn, má sọ pé dókítà ni ọ́, má dárúkọ mi. Sọ pé ọmọ Mojí ni ọ́, pé o lóyún, àti pé o fẹ́ kí wọ́n wá wẹ ọmọ rẹ. Kúnlẹ̀ kí o tó sọ ọ́. Wọn kò ní rí ọ láti ibi tí wọ́n wà, ojú wọn kò tilẹ̀ ríran dáadáa mọ́. Kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mo bí ọ,
Bámidélé.